Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Ń Lé Àwọn Tó Ń Kọ Sọ́fítíwíà Lọ?

Ìbéèrè

Olóòtú ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní agbègbè Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí a ti ń ṣe sọ́fítíwíà tí àwọn ilé-ìwé aládàáni àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ṣe ìṣirò owó. Àwọn ọmọ tó jáde ní LAUTECH ni mo sábà máa ń gbà síṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ọdún méjì tó pé, wọ́n á ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti fi kún owó oṣù wọn, mo sì ra inverter, síbẹ̀ wọn kò dúró. Ẹni tó lọ kẹ́yìn sọ fún mi pé irinṣẹ́ wa ti gbó jù: PHP 5.6 (ẹ̀dà àtijọ́ èdè kọ̀ǹpútà kan) la fi kọ sọ́fítíwíà náà, Windows 7 ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Àwáwí ni mo kà á sí, nítorí àwọn oníbàárà wa kò ráhùn. Ṣé irinṣẹ́ lásán lè lé òṣìṣẹ́ lọ?

Ìdáhùn

Ọ̀gá wa, kì í ṣe àwáwí. Inverter tí ẹ rà kò ṣòfò (ẹni tó bá mọ iná Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní bá yín jiyàn), owó tí ẹ fi kún un náà sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ẹni tó ń kọ sọ́fítíwíà ń gbà gba èrè iṣẹ́ rẹ̀: owó tó ń wọ báǹkì lóṣooṣù, àti ìmọ̀ tí yóò gbé lọ síbi iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Èrè kejì yìí ni irinṣẹ́ yín ń jẹ run. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí Under G nítòsí LAUTECH, tó ń bá iléeṣẹ́ òkè òkun ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń lo ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń béèrè; òun ní tirẹ̀ dà bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ń kọ́ rírán aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́. Ọmọ tó já fáfá ló máa ń tètè rí èyí, òun náà ló sì máa ń tètè ríṣẹ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n lọ gan-an ló ń lọ.

Ẹ wo ọjọ́ orí ohun tí ẹ ń lò. Àtúnṣe ààbò fún PHP 5.6 dópin ní ìparí 2018, ti Windows 7 sì parí fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 14 oṣù Kínní 2020. Chrome 109 ló kẹ́yìn tí Google ṣe fún Windows 7, ní 2023. Bí òṣìṣẹ́ yín bá wá ojútùú sí ìṣòro kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn tí yóò rí jẹ́ ti PHP 8, yóò sì ní láti jókòó tì í títí tí yóò fi bá ti àtijọ́ mu. Àwọn oníbàárà kò ráhùn nítorí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń fi ọwọ́ ara wọn bo àbùkù náà, nígbà mìíràn lóru.

Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Ní 2017, àwọn olè gba inú Apache Struts, sọ́fítíwíà kan tí a fi ń kọ́ ìkànnì, tí iléeṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà kò tún ṣe wọlé, wọ́n sì jí ìsọfúnni àwọn ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 147, bẹ́ẹ̀ sì ni àtúnṣe rẹ̀ ti jáde ṣáájú. Ọmọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lórí ohun tí kò ní àtúnṣe mọ́ mọ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ nàka sí lọ́jọ́ tí owó bá sọnù.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí wó gbogbo sọ́fítíwíà náà kọ́ tuntun. Netscape, iléeṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kẹrin jáde ní 1997, wọn kò gbé ìkarùn-ún jáde rárá, nígbà tí ìkẹfà yóò sì fi dé ní 2000, Internet Explorer ti Microsoft ti gba ọjà. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo kóòdù sínú Git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù), pàápàá bó bá jẹ́ pé inú fláṣì ló ṣì wà. Ẹ má wulẹ̀ dúró lórí Windows 10, nítorí òun náà ti parí ní oṣù Kẹwàá 2025. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè gbé Windows 11, ẹ fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sọ́fítíwíà náà lọ sí PHP 7.4, kí ẹ tó gbé e dé 8. Ibi tí iṣẹ́ yóò ti pọ̀ jù ni àwọn àṣẹ mysql_ tí kóòdù àtijọ́ fi ń bá dátà sọ̀rọ̀, nítorí PHP 7 ti yọ wọ́n kúrò pátápátá.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì fi í sọ́wọ́ àwọn ọmọ náà fúnra wọn. Ẹni tó bá gbé sọ́fítíwíà láti 5.6 dé 8 láìjẹ́ kí iṣẹ́ oníbàárà dúró ti ní ohun tó lè sọ níbikíbi, èyí á sì mú kí ó fẹ́ rí ìparí rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àwọn kan yóò ṣì jápa. Kò sí irinṣẹ́ tó ń bá owó dọ́là jà.

Ìbéèrè

Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Visual Basic 6, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti Microsoft, la sì ń lò. Ọ̀gá mi ní ogbó kì í ṣe àrùn, pé COBOL, èdè kọ̀ǹpútà tó tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ, ṣì ń pawó. Ṣé kí n lọ ni?

Ìdáhùn

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. COBOL ti wà láti 1959, síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2020, gómìnà New Jersey bẹ àwọn tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n wá ran ìjọba òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn báǹkì àti ìjọba ló ń sanwó COBOL, Microsoft sì ti dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró fún àwọn tó ń fi Visual Basic 6 kọ sọ́fítíwíà láti 2008. Ẹ kọ ìwé ojú kan sí ọ̀gá yín nípa ẹ̀ka kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ tún kọ, iye tí yóò ná an àti ìgbà tí yóò parí. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò fèsì, ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn, kí ẹ sì kọ bí sọ́fítíwíà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gba ipò yín kí ẹ tó lọ.