Ìmúdójúìwọ̀n Windows tó ń já sọ́nà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Windows 11 ló wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ máa ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ti tún ara rẹ̀ tan, yóò ṣe é dé ìdajì, yóò sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun ń dá gbogbo àyípadà padà. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ mi wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà fún un. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá àyípadà padà yẹn kì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́. Ó rí i pé iṣẹ́ náà kò lè parí ni, ó sì padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀ kí fáìlì yín má baà ṣòfò. Ohun tó léwu ni kí iná lọ tàbí kí ẹ pa á nígbà tó ń padà lọ́wọ́. Bó bá gbà tó wákàtí kan, ẹ ní sùúrù fún un, kí bátìrì sì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Windows Update, kí ẹ sì tẹ Update history, níbi tí ẹ ó ti rí nọ́ńbà kan tí 0x ṣáájú rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé wa máa wò kí wọ́n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ 0x80070070, àyè ló tán lórí dísìkì, ẹ kó fídíò àti àwọn ohun tí ẹ kò lò mọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ 0x800f081f, àwọn fáìlì Windows tí iṣẹ́ náà nílò ló sọnù tàbí tó bàjẹ́: ẹ wá Command Prompt (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ yan Run as administrator, ẹ tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, èyí tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, bó bá parí, ẹ tẹ sfc /scannow. Ó lè dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ má pa á.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Windows 10 rí 0x80070643 nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n kan tó ń jẹ́ KB5034441 kò wọlé. Microsoft ṣàlàyé pé apá ìmúbọ̀sípò tó wà lórí dísìkì wọn (ibi tí Windows ń tọ́jú irinṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ sí) ni kò ní àyè 250 MB tó ṣófo. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní àrùn kankan, síbẹ̀ ẹni tí kò wo nọ́ńbà náà lè ti torí rẹ̀ gbà fún fọ́ọ̀mátì, kí ó sì pàdánù gbogbo fáìlì rẹ̀.

Ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tó so mọ́ kọ̀ǹpútà náà kúrò, kí ẹ sì tún gbìyànjú. Bí kò bá tún lọ, ẹ wọ System nínú Settings, ẹ wọ Recovery, kí ẹ tẹ Reinstall now tó wà lábẹ́ Fix problems using Windows Update. Yóò ná yín ní dátà tó pọ̀, ṣùgbọ́n yóò tún Windows gbé kalẹ̀ láì pa fáìlì tàbí ètò yín rẹ́. Ẹ fi ìgbésẹ̀ yìí han oníṣẹ́ yín. Bí èyí náà bá kọ̀, a jẹ́ pé ìgbà náà ni kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mátì.