Ẹ̀wà Mi Kì Í Tètè Rọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ra ẹ̀wà olóyin kóńgò kan ní ọjà Bódìjà. Mo fi ata àti tòmátò lílọ̀, iyọ̀ àti epo pupa sè é pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí adùn lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí 2, ó ṣì le koko. Aládùúgbò mi ní kí n fi káún sí i, ọkọ mi kò sì fẹ́ràn káún. Kí ni kí n ṣe? (Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdáná o. Ohun tí ẹ fẹ́ kò burú, àsìkò tí ẹ da èròjà sí i ni kò tọ́. Kíkan tó wà nínú tòmátò kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn: ẹ̀wà lásán ni wọ́n ń sè títí yóò fi rọ̀ pátápátá, lọ́tọ̀ ni wọ́n sì ń din ata tiwọn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀wà náà ti pẹ́ nínú àpò, nítorí ẹ̀wà tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá fún ìgbà pípẹ́ a máa le sí i.

Ẹ da ẹ̀wà sórí àtẹ, kí ẹ ṣa òkúta kúrò àti èyí tí kòkòrò ti lu. Bí ẹ bá gbóòórùn oògùn kòkòrò lára rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é rárá, nítorí fífọ̀ kò lè mú májèlé kúrò nínú oúnjẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 4 sí 6, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ooru má baà mú un kan, kí ẹ sì da omi náà nù. Ó ń ran àwọn tí ẹ̀wà máa ń wú nínú lọ́wọ́.

Agolo mílíìkì ẹ̀wà 4 ń fẹ́ omi tó borí rẹ̀ dáadáa àti àlùbọ́sà ńlá kan tí ẹ gé sí i. Ẹ gbọ́n ìfófòó tó bá rú sókè dànù. Bí omi bá ń gbẹ, àwọn kan a máa bu omi tútù sí i, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ni èmi fara mọ́, kí ìkòkò má baà dákẹ́ híhó. Ẹ mú hóró kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́: bí ó bá ṣì ní kókó funfun láàárín, kò tíì tó, bí ó bá fọ́ pẹ̀tẹ̀ tí èèpo rẹ̀ nìkan kù lọ́wọ́ yín, ó ti jinná.

Òótọ́ ni pé káún ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámìnì B1 inú rẹ̀ jẹ́, ó sì ń yí adùn rẹ̀ padà. Èmi kì í lò ó.

Ẹ din ata àti tòmátò nínú epo pupa lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí epo yóò sì léfòó. Nígbà náà ni kí ẹ dà á sínú ẹ̀wà rírọ̀, pẹ̀lú edé gbígbẹ lílọ̀ àti iyọ̀, kí ẹ fi orógùn rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ dín iná kù, kí ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15; àsìkò yìí gan-an ni adùn tí ẹ ń wá yóò wọ inú rẹ̀.