Bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ ní èdè Tsẹ́kì

Ìbéèrè: Ṣé àìlọ́wọ̀ ni kéèyàn lo gbólóhùn àṣẹ fún àgbà ní èdè Tsẹ́kì? Kí ló dé tí "ṣí i" fi ń jẹ́ "otevři", tí "má ṣí i" sì ń jẹ́ "neotvírej"?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àìlọ́wọ̀ rárá, bí o bá ti fi "-te" sí i. Iṣẹ́ tí "ẹ" ń ṣe fún wa ni "-te" ń ṣe fún wọn: ó wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì wà fún ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Tiwa ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, tiwọn ń gbẹ̀yìn: "pojď dál" ni "wọlé", "pojďte dál" ni "ẹ wọlé". Dókítà, ẹni tó ń tajà, àjèjì tó ti dàgbà, "-te" ni fún gbogbo wọn. Inú ilé ni tiwọn ti yà kúrò lára tiwa. Lóde òní, ọmọ Tsẹ́kì kì í fi "-te" bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mami, pojď sem" ló máa wí, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú Àdúrà Olúwa, "dej nám" láìsí "-te", bí àwa náà ṣe ń sọ "fún wa" fún Ọlọ́run láìfi "ẹ" ṣáájú.

Láti ṣẹ̀dá àṣẹ, mú ọ̀rọ̀-ìṣe bó ṣe ń rí fún "wọ́n", kí o gé fáwẹ́lì ìparí rẹ̀: "mluví" (wọ́n ń sọ̀rọ̀) di "mluv", "pracují" di "pracuj". Èyí tó bá parí sí "-ají" máa ń di "-ej": "dělají", "dělej". Fáwẹ́lì gígùn sábà máa ń kúrú, t a sì rọ̀ di ť: "vrátí" di "vrať". Bí kọ́ńsónáǹtì méjì bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gígé, fi "-i" kún un: "čtou" di "čti". Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣì í, tí yóò kọ "čtite". "Čtěte" ló tọ́, nítorí "-i" yìí máa ń di "ě" tàbí "e" níwájú "-te". Bẹ́ẹ̀ ni "ukonči" ṣe di "ukončete" tí a ń gbọ́ nínú rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Prague: "Ukončete, prosím, výstup a nástup", ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí bíbọ́ sílẹ̀ àti wíwọlé. "Buď", "jez", "pomoz" àti "stůj" kò tẹ̀lé òfin, àkọ́sórí ni wọ́n.

Ní ti ìbéèrè kejì, ọ̀rọ̀-ìṣe Tsẹ́kì sábà máa ń wà ní méjì-méjì. "Otevřít" ni ṣíṣí tó parí, "otvírat" ni èyí tó ń lọ lọ́wọ́ tàbí tó ń wáyé léraléra. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan náà lẹ́ẹ̀kan kó parí, lo àkọ́kọ́. Bí o bá ń kà á léèwọ̀, lo èkejì. "Otvírej" láìsí "ne-" (ìyẹn "má" tiwọn) máa ń dún bí ìkánjú, bíi "ṣí i, kí lo ń dúró ṣe?" Ọ̀rọ̀ tó parí máa ń gba "ne-" nígbà tí a bá ń kìlọ̀ nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ ẹ: "nespadni", má ṣubú o, "nezapomeň", má gbàgbé o.