Èsì: Píkọ́ọ̀pù 3,500 kg kò tó fún ọkọ̀ ojú omi 2,700 kg

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá píkọ́ọ̀pù tó lè fa 3,500 kg tó láti fa ọkọ̀ ojú omi 2,700 kg. Rárá, kò tó. 2,700 kg tí ẹ rí nínú ìwé, ìwọ̀n ọkọ̀ ojú omi náà lófìfo ni. Ẹ fi tírélà rẹ̀ (ohun onítáyà tí wọ́n ń gbé e lé láti fà á) kún un, bíi 700 kg. Epo bẹntiróòlù 300 lítà, bíi 220 kg. Bátìrì, ìdákọ̀ró àtàwọn ẹrù yòókù, ẹ jẹ́ ká ní 150 kg. Ó ti di 3,770 kg. Píkọ́ọ̀pù tó lè fa 4,700 kg ni kí ẹ wá, kí agbára lè ṣẹ́ kù nígbà tẹ́ ẹ bá ń gun òkè.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣírò ni ìwọ̀n tí orí tírélà ń gbé lé ìdí píkọ́ọ̀pù. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni: 377 kg. Tí èèyàn márùn-ún bá tún wọlé, ó ti lé ní 700 kg. Ẹ wo iye ẹrù tí wọ́n kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Bó bá kọjá iye yẹn, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́. Bí orí tírélà bá sì fúyẹ́ jù, á máa fì sọ́tùn-ún sósì lórí eré. Ẹ sún ọkọ̀ ojú omi síwájú díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó:

1. Ẹ gbé tírélà àti ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú epo kíkún, sórí òṣùwọ̀n.
2. Ẹ wo agbára bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń so tírélà mọ́ píkọ́ọ̀pù. Nínú agbára píkọ́ọ̀pù, ti tírélà àti ti bọ́ọ̀lù náà, èyí tó kéré jù lẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.
3. Tírélà gbọ́dọ̀ ní búrẹ́ẹ̀kì tirẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ó máa tì í sómi, ẹ ra píkọ́ọ̀pù tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, torí ẹ̀bá omi máa ń yọ̀. Tó bá jẹ́ pé orí omi ló máa ń wà, kò pọn dandan.