Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Tí Bírò Bá Ti Sinmi

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí o. Gbogbo ẹ̀ ò lè wọ ojú ewé kan ṣoṣo, mo ṣa mẹ́ta.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Tí ẹ bá ti gbé bírò kalẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Àbí ẹ kàn máa ń jókòó máa ronú ni? (Olùkàwé kan, Ìlọrin)

Ronú kẹ̀! Ta ló ráyè ìyẹn. Aago márùn-ún àbọ̀ ni mo máa ń jí, mà á kọ́kọ́ yọjú sí tánkì bóyá omi wà, mà á dáná fáwọn ọmọ, wọ́n á lọ sílé ìwé, kí n tó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà títí NEPA á fi mú iná lọ. Ó parí nìyẹn.

Àmọ́ tó bá di ọ̀sán Thursday ẹ ò lè rí mi nílé. Ìyá kan wà ládùúgbò wa níbí l'Abẹ́òkúta tó ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ aláró tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Aṣọ tí mo kọ́kọ́ yà, ẹyẹ ni mo lérò pé mo yà sí i, àṣé ẹ̀kọ mi ti ṣàn jù, ó ti tàn ká, ìyá wò ó títí, wọ́n ní "ewúrẹ́ yìí mà ti fẹ́ bímọ o." Aṣọ yẹn ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ wá má rò pé ibẹ̀ ni mo ti ń lọ wá ìtàn o. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, mo kọ ìyá sínú ìtàn kékeré kan, mo kà á fún wọn, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "ṣé torí èyí lo ṣe ń wá ni?" Ojú tì mí gan-an. Látìgbà yẹn, tí mo bá ti dé ibẹ̀, mo dé ibẹ̀ nìyẹn, mi ò mú ìwé dání mọ́.

Ìyá mi fi adìrẹ kan sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní Ìbàdàndùn ló ń jẹ́. Kí ló wà lára ẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣe é? (Olùkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ tẹ́ aṣọ yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Ẹ máa rí àwọn òpó tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òpó Mápó nìyẹn, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn ní 1929, ṣíbí ló sì sábà máa ń wà láàárín àwọn òpó náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jù ú sínú máṣíìnì ìfọṣọ.

Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á fi yàwòrán sára aṣọ funfun, kó gbẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló wá kan ìkòkò aró, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ti ń lo aró òyìnbó báyìí torí kò ní í jẹ́ kéèyàn dúró pẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tá a bá fa aṣọ yọ, kì í dúdú o, ńṣe ló máa ń rí bí omi ewédú, afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, ẹ̀yin náà á máa wò ó báyìí, á máa di búlúù lójú yín. A ó tún rì í, a ó tún fà á, ó di ẹ̀ẹ̀melòó kan kó tó dúdú tó bá a ṣe fẹ́. Orí irin la máa ń sá a sí, àmọ́ irin yẹn ti kán lóṣù tó kọjá, orí ọgbà la wá ń sá a sí báyìí, ewúrẹ́ gidi sì ti jẹ létí ọ̀kan.

Àǹtí, wẹ́dà ni mí, mo sì ń kọ ewì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní akéwì gidi kì í jó irin. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀? (Olùkàwé kan, Òṣogbo)

Àbúrò mi, kí lo máa jẹ? Dá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ lóhùn pé Amos Tutùọlá, òǹkọ̀wé ọmọ Abẹ́òkúta níbí, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbà ló ṣe fáwọn ọmọ ogun òfuurufú òyìnbó l'Ékòó nígbà ogun Hitler, irin lòun náà ń lù. Nígbà tí ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, mẹ́séńjà ló jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, òkìkí kàn tán, ó tún lọ ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní iléeṣẹ́ rédíò. Bàbá Adébáyọ̀ Fálétí ńkọ́, ewì lọ́wọ́ kan, tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ kan, tíátà tún wà ńbẹ̀.

Fi ewì ẹ kan ránṣẹ́, ká rí i. Tó o bá sì gba Abẹ́òkúta kọjá, gbé irinṣẹ́ ẹ dání, irin tá a ń sá aṣọ sí ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe kán, èló lo máa gbà?