Ẹ̀jẹ̀ Nǹkan Oṣù Kì í Lọ Dì Sínú Oríkèé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Adìrẹ ni mò ń dì ní Ìtòkú, ọmọ ọdún 51 ni mí. Ọdún kejì rèé tí nǹkan oṣù mi ti dúró, àtìgbà náà ni oríkèé ìka ọwọ́ mi méjèèjì ti ń wú, pàápàá láàárọ̀. Màmá ẹlẹ́wé-ọmọ kan ní ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ló lọ dì síbẹ̀. Ó fún mi ní àgúnmu àti hóró oògùn kéékèèké tí kò ní páálí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ara tù mí. Oògùn òyìnbó wo ló lè fọ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò pátápátá? Ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí kí n tó pé ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ó lọ nígbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi, ó tún padà lẹ́yìn tí mo bímọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Aládìrẹ. Kò sí oògùn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kúrò ní oríkèé, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù kankan níbẹ̀. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ìtàn yìí. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí yín, sí àwọn tó ń fi ín gbowó lọ́wọ́ obìnrin tí ara ń ro.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Lóṣooṣù, hòmóònù tí ilé ẹyin ń ṣe máa ń pàṣẹ fún ilé ọmọ pé kó tẹ́ ibùsùn de oyún. Bí oyún kò bá dúró, ibùsùn náà á wó, ẹ̀jẹ̀ á sì bá a jáde. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn, fún ọ̀pọ̀ obìnrin, kì í ju bíi 30 sí 40 mílílítà lọ lóṣù, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí obìnrin bá tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ilé ẹyin á ṣíwọ́. Àṣẹ ò wá mọ́, ilé ọmọ ò tẹ́ ibùsùn mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà kò há síbì kan, ara ò ṣe é mọ́ rárá ni. Ohun tí kò sí, báwo ló ṣe fẹ́ lọ dì sí ìka?

Ẹ̀yin gan-an lẹ sì kọ ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù sí ìparí ìbéèrè yín. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko tí ẹ fi wà nínú oyún, ẹ ò rí nǹkan oṣù. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde ló ń fa làkúrègbé, ìgbà yẹn ló yẹ kí ìka yín wú jù. Ìgbà yẹn gan-an ló sì fi yín sílẹ̀. Àwọn bàbá tí mò ń tọ́jú làkúrègbé fún ńkọ́, nǹkan oṣù ta ló dì sí orúnkún tiwọn?

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Philip Hench, kíyè sí ohun tó ṣe yín yìí. Ní 1938 ó kọ ọ́ pé oyún máa ń mú làkúrègbé oríkèé, èyí tí àwa ń pè ní rheumatoid arthritis, rọlẹ̀. Ó gbà pé ohun kan wà tí ara ń ṣe nígbà náà tó ń pa iná náà. Wíwá tó ń wá a yìí wà lára ohun tó gbé e dé ìdí cortisone, hòmóònù kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní 1948. Ní 1950, wọ́n fún òun àti onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Kendall àti Reichstein, ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ fi orúkọ oògùn yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Nínú irú làkúrègbé yìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló yí padà, tó ń bá onílé jà. Wọ́n á ya wọ awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú oríkèé, wọ́n á máa tú kẹ́míkà bíi TNF àti interleukin-6 síta. Ìyẹn ló ń mú ìka wú, tó ń mú un gbóná, tó sì ń jẹ egungun tó bá pẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ní etí tí wọ́n fi ń gbọ́ràn sí hòmóònù lẹ́nu. Nígbà tí estrogen, hòmóònù obìnrin, bá pọ̀ gan-an bíi ti inú oyún, ó máa ń dín TNF kù, ó sì ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń làjà lágbára. Nígbà tó bá wálẹ̀, lẹ́yìn ìbímọ tàbí nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, ìjánu náà á dẹ̀. Testosterone, tó pọ̀ lára ọkùnrin, sábà máa ń pẹ̀tù sí ìjà náà, ó sì ṣeé ṣe kó wà lára ìdí tí obìnrin tó ní àìsàn yìí fi tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ọkùnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ ra hòmóònù o! Estrogen kan náà ló ń ki àwọn sẹ́ẹ̀lì B, tó ń ṣe èròjà ìjà sínú ẹ̀jẹ̀, láyà. Nínú lupus, àìsàn mìíràn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, tó jẹ́ pé bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ní in ló jẹ́ obìnrin, àìsàn náà tilẹ̀ lè gbóná sí i nínú oyún. Fífi hòmóònù rọ́pò èyí tó lọ kì í wo làkúrègbé. Ó tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, àwọn irú rẹ̀ kan sì ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ọmú. Bó bá jẹ́ pé hòmóònù nìkan ló ń fà á, gbogbo ìyá tó ti kọjá àádọ́ta ọdún l'Abẹ́òkúta ni ìbá ní i. Àjogúnbá wà ńbẹ̀, sìgá náà wà ńbẹ̀.

Mo ní mò ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ cortisone. Ìka tó ti ń wú fún ọdún méjì, tó wá rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Mi ò rí hóró oògùn yín, mi ò lè búra, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni prednisolone tàbí dexamethasone, mọ̀lẹ́bí cortisone. Oògùn gidi ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n. Lílò ó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ yín lè mú ojú wú rọ̀bọ̀tọ̀, ó lè fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Bó bá ti ju bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má dédé jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara yín lè ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ó sì lè dá yín wó. Ẹ tètè rí dókítà kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ọwọ́ yín, nítorí náà mi ò sọ pé rheumatoid arthritis ni dandan. Ó lè jẹ́ oríkèé tó ti gbó, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bí ìka bá ń le gbagidi fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀, lọ́wọ́ méjèèjì, ìfura mi ga sí i. Ẹ lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ní Ìdí-Àbà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún rheumatoid factor àti anti-CCP, àwọn èròjà ìjà tó sábà máa ń fara hàn nínú àìsàn yìí, kí wọ́n sì ya fọ́tò ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá fún yín ní methotrexate, oògùn tí wọ́n sábà fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ojoojúmọ́. Àṣìṣe yẹn ti pa èèyàn rí. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, torí ìka tí àìsàn yìí bá ti wọ́, oògùn kì í tún un nà, ìka yẹn lẹ sì fi ń di adìrẹ.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ má kàn sọ fún wọn pé àgbo lẹ lò. Ẹ di àgúnmu náà àti hóró oògùn tó kù sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un dání fún wọn.