Abọ́ Kì Í Ṣe Ẹsẹ̀ Àga: Ìdí Tí Irin Fi Ń Kọ́ Igi Lórí Léètì, Tí Abọ́ Sì Ń Là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ báǹkì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, mo wá ra ẹ̀rọ léètì kékeré kan, èyí tó ń yí igi bírí kí irin lè máa gé e, kí n máa fi yí abọ́ onígi lópin ọ̀sẹ̀. Káfíńtà àdúgbò wa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ẹsẹ̀ àga, ìyẹn sì ti mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kan abọ́, irin á ṣàdédé kọ́ igi, á fẹ́ẹ̀ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo tó yọrí, máńgòrò tútù ni, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi là láti etí dé ìdí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ibì kan náà ni wàhálà méjèèjì ti wá: ẹ̀ ń yí abọ́ bí ẹni ń yí ẹsẹ̀ àga. Lára ẹsẹ̀ àga, iṣan igi nà gbọọrọ láti orí ẹ̀rọ dé ìrù rẹ̀. Ti abọ́ dábùú ẹ̀rọ ni. Nínú yíyí ẹyọ kan, irin á pàdé ẹ̀gbẹ́ iṣan lẹ́ẹ̀mejì, á tún pàdé orí iṣan lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ibi tí ayùn ti gé e. Ibi méjì tó kọjú síra tí ẹ máa ń rí tó há gbàkàgbàkà lára abọ́, orí iṣan nìyẹn.

Irin yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gọ́ọ̀jì ni irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kòtò tí a fi ń gbẹ́ igi. Èyí tó fẹ̀, tí káfíńtà fi ń sọ igi onígun mẹ́rin di róbótó, ẹ má fi kan abọ́ láéláé. Ìrù rẹ̀ tó wọ inú èèkù tín-ín-rín. Bó bá kọ́ orí iṣan, ibẹ̀ ló ti ń dá. Gọ́ọ̀jì abọ́ ni kí ẹ wá: ọ̀pá irin róbótó tí wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn sí lára, mìlímítà 10 tàbí 12, tí ẹ pọ́n ẹnu rẹ̀ sí nǹkan bíi dígírì 45 sí 55. Ẹyọ kan tó dáa sàn ju àpótí irin mẹ́jọ olówó pọ́ọ́kú lọ.

Irin ń kọ́ igi nítorí pé ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra ni pé kí irin kan ìgbáralé, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ ń gbé e lé. Kí ẹ̀yìn ẹnu irin, ibi tó ń dán tí òkúta ti pọ́n, wá kan igi. Ẹnu tó mú ló kẹ́yìn. Ẹ dán an wò láì tan ẹ̀rọ. Ẹ rẹ èèkù sílẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn ẹnu irin lé igi, ẹ máa fi ọwọ́ òsì yí igi náà. Irin á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ wá gbé èèkù sókè díẹ̀díẹ̀ títí èérún tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò fi máa ká jáde. Ibẹ̀ gan-an ni. Bí ẹ bá gbé e kọjá ibẹ̀, ẹ̀yìn ẹnu irin á kúrò lára igi, igi á sì fa irin wọlé.

Ní ẹ̀yìn abọ́, láti ìdí lọ sí etí ni kí ẹ máa gé. Nínú rẹ̀, láti etí wá sí ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan kọ̀ọ̀kan fi ń rí òmíràn tó gbé e ró lábẹ́. Etí inú abọ́ ló burú jù. Bí ẹ bá ti fẹ́ wọlé níbẹ̀, kí ihò gọ́ọ̀jì kọjú sí ẹ̀gbẹ́, kó má kọjú sókè.

Igi tó fẹ̀ tó ínǹṣì 8, tó nípọn tó 3, ti tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ fi síkúrù mẹ́rin, kí wọ́n wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, de féèsì-pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé igi mọ́ ẹ̀rọ, mọ́ ojú tí ẹ máa gbẹ́ nínú. Ihò wọn á bá èérún lọ. Bí ẹ ti ń yí ẹ̀yìn, ẹ yọ ìdí kékeré tí ṣọ́ọ̀kù eléyín mẹ́rin, ìyẹn irin tó ń di igi mú lórí ẹ̀rọ, máa gbá mú: fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 6, gíga mìlímítà 6. Ìdí yẹn kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù. Èjìká rẹ̀ ni kó jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí eyín. Abọ́ tó bá ń fò kúrò lórí ẹ̀rọ, ẹ wo èjìká yẹn ná.

Kí igi tó di róbótó, kó máa yí ní ìgbà 400 sí 500 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye ínǹṣì tó fẹ̀ pín 6,000 àti 9,000. Àárín méjèèjì ni eré yín wà. Ti ínǹṣì 8 jẹ́ 750 sí 1,125. Ìbòjú tó bo gbogbo ojú ni kí ẹ lò. Kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ẹ̀wù alápá gbàgẹ̀rẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá sì mú iná lọ, ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó dìde: ọ̀pọ̀ léètì kékeré ló máa ń bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn bí iná bá dé, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kù sì lè ṣì há sí i lẹ́nu.

Ó ku lílà. Orí iṣan ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ á sún kì nígbà tí ìyókù ṣì kún fún omi. Igi tún máa ń sún kì yípo ju bó ṣe ń sún láti àárín síta lọ, nǹkan bí ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí mùdùnmúdùn igi, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀, kò fi gbọdọ̀ ṣẹ́ kù sínú abọ́. Ẹ là á dànù kí ẹ tó gbé igi sórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí igi tútù. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 2 fún ti sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ yọ́ àbẹ́là, ẹ fi kun orí iṣan, ẹ fi abọ́ sínú àpò sìmẹ́ǹtì oníbébà tó mọ́, kó jìnnà sí fáànù àti oòrùn. Lásìkò ọyẹ́, àpò méjì ni kí ẹ lò. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí i lára. Oṣù mélòó kan ló máa gbà. Bí ìwọ̀n kò bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti gbẹ. Á ti ya bí ẹyin. Ẹ tún ìdí rẹ̀ yí di róbótó kí ẹ tó fún un mọ́ ṣọ́ọ̀kù, ẹ wá sọ ara rẹ̀ di mìlímítà 6 sí 8. Sánpépà 120, 180, 240, 320, ẹ má fo ọ̀kankan.

Máńgòrò kò burú. Ìrókò rẹwà, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń yún ara, ó ń há èèyàn láyà, òkúta sì máa ń wà nínú òmíràn tó ń ba ẹnu irin jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Èyí tó ti là yẹn, ẹ má dá a padà sórí ẹ̀rọ, àní bí ẹ bá ti fi gúlúù dí i. Ibi tó là ló máa ti ṣí bó bá ń sáré, ìdajì rẹ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ yín wá.